Iyọ̀ Inú Ẹ̀jẹ̀ Awakọ̀ Ojú Omi

Ṣẹ̀san fi òrùka ìka rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò dún. Òrùka tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ló sọ̀rọ̀: "Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀ jù."

Ogójì èrò ti jókòó, wọ́n fẹ́ sọdá ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí oògùn ti lé wárápá jìnnà sí Ṣẹ̀san, tí òfin sì gbà á láyè láti máa wakọ̀. Orí ti ń fọ́ ọ láti ìjẹta. Ó rò pé oòrùn ni, ó wá ń mu omi ṣáá.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ láti inú òrùka: "Oògùn yín ló ń fà á, omi àmujù sì dá kún un. Ẹ má dá oògùn dúró o, ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀ báyìí."

Bọ́tìnnì kan wà tí awakọ̀ lè tẹ̀ kí ọkọ̀ má ka ọ̀rọ̀ òrùka sí. Ṣẹ̀san wò ó títí, ó sì kọjú sí àwọn èrò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi ò yá. Mi ò lè fi ẹ̀mí yín ta tẹ́tẹ́. Mọńsúrátù ẹlẹgbẹ́ mi ni yóò gbé yín."

Ojú tì í bí ó ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan dìde, ó di apá rẹ̀ mú, ó ní: "Ọmọlúàbí ni ọ́, ọmọ mi."

Dókítà ní ká ní ó wakọ̀ lọ ni, ì bá ti dákú láàárín ọ̀sà. Wọ́n pààrọ̀ oògùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ méjì ló ń kó èrò ní èbúté. Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kún.