Owó Iléèwé Ọmọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àrùn màálù tó gbòde yìí ò kàn yín, ẹ fìdí kalẹ̀.

Ọ̀kan nínú màálù Bàbá Oníwàrà ń da itọ́ lẹ́nu. Ó tún ń tiro.

Bàbá mọ àrùn náà. Ẹyọ kan ló máa ń mú, kó tó ran gbogbo agbo.

Ó yẹ kó pe dókítà ẹran. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá dé, wọn ò ní jẹ́ kó ta wàrà, wọn ò ní jẹ́ kó ta màálù, títí àrùn á fi kásẹ̀ nílẹ̀.

"Ṣé èmi ni n ó fọwọ́ ara mi ti ṣọ́ọ̀bù mi pa?"

Ó nu ẹnu màálù náà mọ́ tónítóní, ó fà á lé alágbàtà lọ́wọ́.

"Ara ẹ̀ le koko, ọ̀rẹ́ mi. Owó iléèwé ọmọ ni mo ń wá."

Alágbàtà ò béèrè kíláàsì tí ọmọ wà.

Bàbá délé, ó fọ ọpọ́n omi, ó fọ bàtà. Ó wo àwọn màálù tó kù, ó rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ju agbára.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu géètì.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì tipẹ́, bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, mo mú ẹ̀bùn wá fún yín!"

Ẹ̀bùn náà ò dúró kí wọ́n fà á. Ó tiro gba ẹ̀yìn ilé lọ tààrà, ó ki ẹnu bọ ọpọ́n omi láàárín àwọn tó kù.

"Ẹ wò ó, Bàbá, àfi bíi pé ó mọlé!"

Bàbá sáré lọ fa ọpọ́n omi náà kúrò.

"Wọ́n ní ẹni tó ni ín ń wá owó iléèwé ọmọ ẹ̀. Àánú ọmọ yẹn ṣe mí, Bàbá. Mi ò tiẹ̀ ná an."