Obìnrin Tó Ń Dáhùn Pé "Ó Yé Mi"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Ẹ kà á tán. Ẹni tí ìtìjú bá ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Òun ló ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún láràárọ̀, òun ló ń da póò nù, ṣùgbọ́n lára aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì ni ọkàn rẹ̀ wà. Bí ẹnì kan bá ń rọbí tí nọ́ọ̀sì kò sí nítòsí, òun ni yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí yóò máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pé, "Rọra máa mí, ìyá mi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

Màtíróònù ti ń kíyè sí i. Lọ́jọ́ kan, ó pè é.

"Àyè kan wà fún òṣìṣẹ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń dí ọ lọ́wọ́. Tún ìdánwò rẹ̀ ṣe, kí o yege, màá mú orúkọ rẹ lọ. Àmọ́ ọdún yìí ni o! Bó bá di àmọ́dún, wọ́n á ní o ti dàgbà jù."

Ìdùnnú ṣubú layọ̀ nínú ilé wọn. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, gba ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìdáná di tèmi títí o ó fi ṣe ìdánwò tán. Bó bá jóná, ẹ ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀." Ìyá ọkọ rẹ̀ náà kó ẹrù wá láti máa bá a wo àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ṣe wọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́.

Òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Tíṣà wọn kò ju àbúrò rẹ̀ lọ, gbogbo kíláàsì sì ń pè é ní Mọ́mì. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àtúnyẹ̀wò, tíṣà kọ ọ̀rọ̀ méjì sójú pátákó, àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́.

Ó ní, "Bí mo bá sọ pé ọkùnrin yìí dà bíi kìnnìún, àfiwé tààrà nìyẹn. Bí mo bá wá sọ pé kìnnìún ni ọkùnrin yìí ńkọ́?"

Ọmọbìnrin kan tó ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn kan náà nawọ́ sókè. "Ṣé ó ti wá di ẹranko ni, sà?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ló ń rín o, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nínú tirẹ̀ gan-an nìyẹn! Tíṣà lọ jókòó ti ọmọbìnrin náà, ó ṣàlàyé fún un pé àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn, tí a kò fi "bíi" sí i, títí ó fi mi orí. Lẹ́yìn náà ló yíjú.

"Mọ́mì, ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi."

Kò yé e. Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn. Wọ́n dé orí gírámà, ó ní ó yé òun. Wọ́n ní kí wọ́n yí gbólóhùn padà kí ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí ṣáájú, ó tún ní ó yé òun. Ó kàn ń há àpẹẹrẹ tíṣà sórí ni, pé "Ajá bu ọmọ náà jẹ" di "Ọmọ náà ni ajá bù jẹ". Bí ọkọ rẹ̀ bá béèrè nílé pé báwo ni ẹ̀kọ́, ìdáhùn kan náà ni.

Tíṣà fura. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn kíláàsì, ó sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo rí i pé bí mo bá ti yí àpẹẹrẹ padà, ẹ kì í kọ nǹkan kan mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa jókòó díẹ̀, àwa méjèèjì nìkan."

Ara obìnrin náà gbóná. "Ṣé olódo ni mo jọ lójú yín ni? Ọmọ mẹ́ta ni mo bí o!"

"Ẹ dákun, mà. Mi ò ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀."

Kí obìnrin náà tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti kábàámọ̀. Ì bá padà. Kò padà.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ó ṣí ìwé ìbéèrè, kò rí kìnnìún, kò rí ajá. Òjò kan tó ń bínú lórí òrùlé ló bá níbẹ̀, wọ́n ní kí ó sọ irú ọnà èdè tó jẹ́. Ó wo gírámà, wọ́n ní káfíńtà kan ṣe ilẹ̀kùn, kí ó yí i padà. Omijé bọ́ sórí ìwé. Gbogbo ohun tó há sórí kò wúlò fún un.

Èsì jáde, kò yege. Ọkọ rẹ̀ bá a lórí àga, ó ń sunkún.

"Ó ṣe jẹ́? Ṣebí o ní ó yé ọ?"

"Kò yé mi rí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"O ò wá lè sọ fún èmi náà?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná? Màmá tí wọ́n filé wọn sílẹ̀ nítorí mi? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló jókòó tì í, tó fi ìró nù ún lójú. Ó ní, "Sunkún ẹ tán, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹ jà nínú ilé yìí."

Àyè yẹn bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń fọ aṣọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ aṣọ funfun wá sí wọ́ọ̀dù, ó kúnlẹ̀ kí i, "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o." Obìnrin náà dá a lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní kí Ọlọ́run gbé e dé òkè. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, kò sì tètè jáde.

Ìwọ tí ò ń múra ìdánwò, gbọ́ o! Ẹ̀rín kíláàsì kì í pẹ́ tán nílẹ̀, àmọ́ àǹfààní tó bá lọ lè máà padà mọ́. Bí kò bá yé ọ, sọ pé kò yé ọ, ì báà ṣe àbúrò rẹ ló ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń fi ẹni tó béèrè ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ṣọ́ra, ẹ kò mọ ẹni tí ẹ ń pa lẹ́nu mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá yẹ.

Abéèrè kì í ṣìnà.