Ọrùn Kẹ̀kẹ́ Akọ̀wé

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá àgbà pe akọ̀wé sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kó ti ilẹ̀kùn. Kẹ̀kẹ́ ọ̀gá wà lára ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀. Irin méjì ni wọ́n fi gbé e kọ́, ó sì ń dán bí abọ́ tuntun.

"Mo máa ń rí ẹ láti ojú fèrèsé yìí," ni ọ̀gá wí. "Kẹ̀kẹ́ lo máa ń gùn wá síbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, sà."

"Tí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Màá wọ aṣọ òjò, sà."

Ọ̀gá wò ó títí. "O ò sì ṣubú rí."

Akọ̀wé rò pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi òun ṣe. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó má baà dà bí ẹni tí kò mọ àwàdà. "Rárá o, sà."

"Ó dáa. Wá bá wa lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́nu géètì ọgbà ìgbafẹ́." Ọ̀gá na ìka sí ojú fèrèsé. "Àmọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ yẹn ti ga jù. O máa ń jókòó lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Lọ bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó dọjọ́ náà. Àwọn èèyàn máa ń wò wá."

Akọ̀wé ò mọ bó ṣe padà dé ìdí tábìlì rẹ̀. Nílé iṣẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ bí wọ́n ṣe ń yan olórí ẹ̀ka, àmọ́ gbogbo olórí ẹ̀ka ló wà nínú ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ ọ̀gá. Àga olórí ẹ̀ka tiwọn sì ti ṣófo látìgbà tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ojoojúmọ́ ni akọ̀wé ń gba ẹ̀gbẹ́ àga náà kọjá, tó ń ṣe bí ẹni pé òun ò rí i.

Nírọ̀lẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sípánà. Sípánà to oríṣiríṣi ọrùn kẹ̀kẹ́ sórí tábìlì, ìyẹn irin tó máa ń so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ iwájú rẹ̀. Òmíì kúrú, òmíì gùn, òmíì gbójú sókè, òmíì dorí kodò.

"Èwo lẹ fi sí ti ọ̀gá wa?" ni akọ̀wé bi í.

"Èyí tó gùn jù, tó tún dorí kodò jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ tiyín ná. Kí ló ń dùn yín?"

"Kò sóhun tó ń dùn mí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ ọrùn?"

"Mo fẹ́ kí n túbọ̀ dọ̀bálẹ̀ lórí rẹ̀."

"Fún ta ni?"

Akọ̀wé yíjú sáwọn irin orí tábìlì. Sípánà mú ọ̀kan láàárín wọn, ó yí i wò. "Èyí ló máa bá yín lára mu. Màá yọ òrùka kan péré lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ á wálẹ̀, ẹ̀yìn yín ò sì ní pariwo."

"Èwo làwọn olórí ẹ̀ka ń lò?"

"Bíi ti ọ̀gá náà ni. Èmi ni mo fi í sí gbogbo rẹ̀." Sípánà nu gírísì ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Ohun tó kàn ń yà mí lẹ́nu ni pé mi ò tíì pààrọ̀ táyà fún ẹnì kankan nínú wọn rí. Ṣéènì wọn gan-an, bó ṣe kúrò lọ́wọ́ mi ló ṣì wà."

"Ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa kì í ba táyà jẹ́," ni akọ̀wé wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Sípánà wò ó. Ó nawọ́ sí èyí tó gùn jù. "Èyí, àbí?"

"Kẹ́ ẹ sì yọ gbogbo òrùka abẹ́ rẹ̀."

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa wo ọ̀nà ńkọ́?"

"Mo ti mọ ọ̀nà náà sórí."

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, bàtà ni akọ̀wé fi ń dá àwọn èèyàn mọ̀ lójú pópó. Ọrùn tiẹ̀ gan-an ò ṣeé yí mọ́. Lálẹ́, ó da ikùn délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó rẹ̀ ń fi òróró pa á lẹ́yìn.

"Dádì, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ ń wá nílẹ̀ látọjọ́ Ajé?"

"Ipò ni mò ń wá."

"Ẹ wá kúkú bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Gbogbo wọn ló ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò wọn wà ní ọ́fíìsì. Ẹ̀yìn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, o lè gbé ife tíì lé e."

"Ikùn tèmi náà máa ń wọlé nínú fọ́tò," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó ń dùn ún gan-an.

Lọ́jọ́ Sátidé, akọ̀wé gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ẹnu géètì, òógùn bò ó. Mọ́tò làwọn tó kù gbé wá. Wọ́n sọ kẹ̀kẹ́ wọn kalẹ̀ látorí mọ́tò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun. Gbogbo wọn wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara, wọ́n sì dé akoto. Wọ́n fara ti kẹ̀kẹ́, wọ́n ń jiyàn lórí ọrùn tó fúyẹ́ jù. Ẹnì kan ya fọ́tò.

Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ wo ọrùn kẹ̀kẹ́ akọ̀wé. Ó fi ìka ra á. "Ó dáa," ni ó wí. "Ó dáa gan-an."

Àwọn olórí ẹ̀ka mi orí. Ẹ̀rù tó ti ń ba akọ̀wé látàárọ̀ fò lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé pẹ́dà, ó ń retí kí ọ̀gá ṣíwájú.

Kò sẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó dúró títí obìnrin kan tó ń fa ajá kọjá fi yà ní kọ́nà. Àwọn tó kù rọra sún mọ́ wọn, wọ́n yí akọ̀wé ká. Ọ̀gá ṣí akoto rẹ̀, ó sì gbé ẹnu sún mọ́ ọn létí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ọ̀gá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é tí kẹ̀kẹ́ kì í fi í gbé yín ṣubú?"