Àparò Tó Ń Tiro

Ní ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún, kí ìrì tó gbẹ lórí koríko, ìyá náà á ti dúró lẹ́nu géètì igbó ìjọba, ọ̀pá lọ́wọ́, àpò aṣọ léjìká. Ilé rẹ̀ létí odò ló ti ń bọ̀. Ọdún kẹsàn-án nìyí. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló wọ igbó yìí lọ ya àwòrán ẹyẹ, ó gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé sí èjìká, kò sì jáde mọ́. Ọlọ́pàá wá a títí ó fi sú wọn. Àwọn ẹbí wá a, wọ́n sunkún, kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ò bèèrè ju egungun lọ: kó ṣáà mọ ibi tí ọmọ sùn sí kí òun náà tó sùn.

Aládàá ni wọ́n ń pe aṣọ́gbó tó ń mú un káàkiri. Gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé ìbọn. Òun ti dá tirẹ̀ padà fún ọ̀gá tipẹ́, ó ní ó ń dun òun léjìká. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹfọ̀n bá kọ lù ú, á kàn dọ̀bálẹ̀ kí i ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ̀. Ó ń tú tàkúté, ó ń ro etí ọ̀nà kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má baà rí ibi gbà kọjá, ó ń wo ojú ẹsẹ̀ ẹranko tó kù. Ohun tó ń rí ń dín kù lọ́dọọdún.

Ó gba àpò lọ́wọ́ ìyá, èjìká rẹ̀ sì tẹ̀.

"Màmá, ṣé òkúta lẹ dì síbí ni?"

"Òkúta ni. Àgbàlagbà tó bá fúyẹ́, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ."

Aládàá rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣe àwàdà yìí.

Apá òkè olókùúta ló kàn lọ́dún yìí. Aládàá ń fi àdá la ọ̀nà níwájú, ìyá ń fi ọ̀pá tọ abẹ́ òkúta wò lẹ́yìn. Wọ́n rí egungun ẹtu kan, wọ́n rí èèpo ìjàpá, wọ́n rí bàtà kan tó ti jẹrà. Ìyá yí bàtà náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ẹsẹ̀ ọmọ òun ò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó sì gbé e padà síbi tó ti mú un, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí ò fẹ́ jí ẹnì kan.

Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, àparò kan ta jáde níwájú wọn, ó ń tiro, ó ń wọ́ ìyẹ́ kan nílẹ̀. Ìyá dúró, ó ń wò ó.

Ọdún kẹta ni Aládàá kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ hàn án. Ó ṣàlàyé nígbà náà pé kò sóhun tó ṣe ẹyẹ náà. Ẹyin rẹ̀ ló wà nítòsí, ló ṣe ń díbọ́n bí arọ, kí èèyàn lè tẹ̀ lé e lọ sí ibòmíràn. Ìyá bi í báwo ni èèyàn ṣe wá ń rí ẹyin ọ̀hún. Ó ní kò le: ibi tí àparò ò bá fẹ́ kéèyàn yà sí ni kéèyàn yà sí. Lọ́jọ́ náà, ìyá ń bojú wẹ̀yìn títí wọ́n fi dé géètì.

"Títí dìgbà wo ló máa tiro?" ni ìyá bi í báyìí.

"Títí ẹni tó ń tẹ̀ lé e á fi lọ ni, Màmá."

Nígbà tí oòrùn kàn wọ́n látàrí, wọ́n dé ìdí pátákó tó wà níbi tí ọ̀nà ti yà. Aládàá fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa kọ ọ́: Ẹ MÁ KỌJÁ, IGBÓ Ń SINMI. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn nínú gbogbo igbó náà. Ó ti sọ fún àwọn ọ̀gá pé igi kéékèèké tó ń hù lẹ́yìn rẹ̀ ò fẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n sì gbà. Láti ọdún kẹrin ni ìyá ti yan ibẹ̀ láti máa sinmi. Aládàá ti fi ibòji tó dára jù bẹ́ẹ̀ hàn án rí, ṣùgbọ́n ta ló ń bá orúnkún àgbà jiyàn? Aládàá jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí pátákó.

Ìyá ní kó lọ bá òun bu omi wá nísun, bó ṣe máa ń rán an lọ́dọọdún. Ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó bá ìyá níbi tó fi í sí. Ìyá kọ́kọ́ fi omi náà ṣan iyẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ló mu ìyókù.

Ní géètì, ìyá sọ fún un pé dókítà ti ní kí òun má rin irú ìrìn yìí mọ́, pé àyà òun ò gbà á. Ìrìn ti parí nìyẹn.

"A ò rí i, Màmá," ni Aládàá wí. "Ẹ má bínú."

Ìyá wo ojú rẹ̀.

"O ti rìn tó. Èmi náà ti rìn tó. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ ọ́: má jẹ́ kí koríko bo pátákó yẹn."

Ọkọ̀ gbé e lọ, àpò rẹ̀ rọ̀ sí èjìká bí aṣọ lásán.

Aládàá dúró síbẹ̀ títí eruku ọkọ̀ fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú àdá, ó padà sídìí pátákó, ó sì ro iwájú rẹ̀ tán. Fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, kò tíì tẹ ilẹ̀ ẹ̀yìn pátákó náà. Ó kọjá pátákó, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ya koríko sọ́tùn-ún sósì.

Lórí ilẹ̀ tó rì díẹ̀ níbẹ̀, níbi tí òun tìkára rẹ̀ sin ọkùnrin tó gbé irin léjìká nínú kùrukùru òwúrọ̀ sí, ẹni tí ó yìnbọn pa nítorí ó rò pé ìbọn ni irin náà, pé ọdẹ tó ń jí ẹran pa ni, òkúta odò funfun mẹ́fà tí irú wọn ò sí nínú igbó náà tò gbọọrọ láti orí dé ẹsẹ̀, márùn-ún ti dúdú lọ́wọ́ òjò, ìkẹfà sì mọ́ tónítóní.