Ìkànnì Àdúrà Òwúrọ̀

Màmá Fìyìn ló ní kí Ọmọ́kẹ́mi ṣí ìkànnì náà. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ìlú Laurel, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí Màmá Fìyìn na fóònù rẹ̀ sí i.

"Bá mi ṣe é, ọmọ mi. Èmi ò mọ nǹkan kan nínú áàpù ibi iṣẹ́ yìí."

Ọmọ́kẹ́mi rẹ́rìn-ín. Òun náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Fídíò kan wà tí òṣìṣẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ wò nípa rẹ̀, àmọ́ ńṣe ni gbogbo wọn máa ń pa ohùn rẹ̀, tí wọ́n á máa jẹun títí yóò fi parí.

Baba kan ti ṣubú látorí bẹ́ẹ̀dì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, torí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí gbogbo òkè kejì. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ fi ẹjọ́ sun ìjọba ìpínlẹ̀. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti máa kó ẹ̀rí jọ.

"Ṣé ẹ ò ní jẹ́ ká lo Wọ́ọ̀sáàpù, mà?"

"Wọ́ọ̀sáàpù kẹ̀? Kó o kọ ọ́ láàárọ̀, kó ti dé Ìbàdàn lọ́sàn-án!"

"Áàpù náà ń bi wá bóyá gbangba ni àbí ìkọ̀kọ̀."

"Gbangba ni. Báwo làwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ á ṣe rí i tó bá wà ní ìkọ̀kọ̀? Pè é ní Àdúrà Òwúrọ̀. Òyìnbó wo ló ń wá àdúrà Yorùbá kiri?"

Láràárọ̀, Màmá Fìyìn á kọ àdúrà, àwọn yòókù á ṣe Àmín, wọ́n á sì kọ ohun tójú wọn rí sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ́kẹ́mi ló ń kọ jù. Ó máa ń wo orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Kò sí orúkọ ọ̀gá kankan.

Abdulwahab nìkan ni kì í kọ nǹkan kan. Kì í tilẹ̀ ṣe Àmín. Lọ́jọ́ kan, ó dá Ọmọ́kẹ́mi dúró nídìí mọ́tò.

"Àbúrò, má kọ ọ́ síbẹ̀ mọ́. Tó o bá rí nǹkan, èmi ni kó o pè."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yin, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ibẹ̀ yẹn ò nílẹ̀kùn."

Nígbà tí Ọmọ́kẹ́mi sọ ọ́ fún Màmá Fìyìn, màmá náà mi orí. "Ẹni tí kì í ṣe Àmín, tó tún ní kó o wá sọ tìẹ fóun nìkan. O ò rí i?"

Lọ́sẹ̀ yẹn, Jesse, ọ̀gá wọn, lé Èyíwùnmí, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì náà, kúrò níṣẹ́. Gbogbo ohun tí Èyíwùnmí kọ ni Jesse mọ̀. Ọmọ́kẹ́mi yọ Abdulwahab kúrò nínú ìkànnì náà lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, etí ọ̀gá!" ló kí i níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Abdulwahab gbé abọ́ rẹ̀, ó jáde.

Lẹ́yìn náà ni Jesse pe Ọmọ́kẹ́mi. Ó ka ohun tó kọ nípa baba tó ṣubú fún un láti orí kọ̀ǹpútà, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ́kẹ́mi ti kọ ọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n túmọ̀ òwe náà dáadáa, wọ́n sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ló ń bá a ṣe ìwé ìgbélùú rẹ̀. Jesse ní iṣẹ́ rẹ̀ ti parí níbẹ̀, àwọn sì ti dáwọ́ ìyẹn náà dúró.

Màmá Fìyìn dì mọ́ ọn, ó sunkún. "Abdulwahab ò ní rí ire," ló wí. Ó di ìrẹsì fún un pé kó gbé e lọ sílé.

Ọmọ́kẹ́mi jókòó síwájú ọ́fíìsì, ó ń dúró láti dá káàdì iṣẹ́ rẹ̀ padà. Nọ́ọ̀sì tuntun kan, Nímọ́tà, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wo fídíò áàpù náà. Kò tíì gbé oúnjẹ wá, kò sì pa ohùn rẹ̀.

Ohùn Màmá Fìyìn ló ń jáde nínú fídíò náà, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara ṣàlàyé pé ohunkóhun téèyàn bá kọ sí ìkànnì gbangba, ọ̀gá lè kà á láì wọ inú rẹ̀, láìsí pé orúkọ rẹ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni.