Baba Kàsímù Wá Wo Ilé Ẹ̀kọ́ Hafeezah

Lọ́jọ́ Ajé, Tàwàkálítù nìkan ló kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì Ìyáàfin Ìbídùnní, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré kan ní Ìgbògbò. Ó ní bàbá òun fẹ́ wá láti Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Àlàmísì, ó fẹ́ wo ilé ẹ̀kọ́ ọmọ òun.

Ìyáàfin Ìbídùnní wò ó títí. Ọmọ tó ń wí yìí ni Hafeezah, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹyọ kan ṣoṣo tó bí. Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí tí ibà ti pa á. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé e láti ilé tí àwọn ọmọ ń sùn lọ sí ọsibítù, ó sì wà nítòsí nígbà tí wọ́n kírun sí i lára ní Ìkòròdú.

"Bàbá ò tíì gbọ́, mà," ni Tàwàkálítù wí.

Ó ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n túfọ̀ ọmọkùnrin bàbá náà fún un lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó ṣubú lulẹ̀, apá òsì rẹ̀ ò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Dókítà ní bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kò ní dìde. Àwọn àgbà ẹbí wá ní kí oníkálukú panu mọ́. Wọ́n sọ fún bàbá pé ọmọ wà ní bọ́dìn, ó ń kàwé. Ṣùgbọ́n ojojúmọ́ ló ń béèrè rẹ̀, ó sì ti wá ní dandan ni kí òun wá. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, òjìji èèyàn ló ń rí. Ó ní bóyá ọmọ kan lè bá àwọn jẹ́ orúkọ Hafeezah fún ìṣẹ́jú mélòó kan péré.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ìyáàfin Ìbídùnní ti fi ń bá ọmọ olọ́mọ wí nítorí irọ́. Ó kọ́kọ́ ní òun ò lè ṣe é. Tàwàkálítù ò bẹ̀ ẹ́, kò sunkún, ilẹ̀ ló ń wò. Aṣọ tó wọ̀ ti fẹ̀ jù fún un. Àánú rẹ̀ ṣe ọ̀gá ju bó ṣe lè sọ lọ, ló bá gbà.

Jamilah ló pè, ọmọ tó ń sùn lórí ibùsùn tó wà lábẹ́ ti Hafeezah. Jamilah gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní òun mọ bí Hafeezah ṣe máa ń kí bàbá náà lórí fóònù.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, Baba Kàsímù dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ọwọ́ kejì ń bẹ léjìká ọmọ rẹ̀. Ìyáàfin Ìbídùnní mú wọn yíká bó ṣe máa ń mú àlejò yíká: pápá ìṣeré, ẹ̀rọ omi, ilé ìkàwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ bi í ní nǹkan kan. Tí wọ́n bá ti dúró níbì kan, ọmọ rẹ̀ ló ń kọjú sí.

"Kí ni Hafeezah sọ nípa ibí?"

Tàwàkálítù á sì sọ ọ́. Hafeezah ní ìwé tó wà níbí, òun á kà á tán kí òun tó jáde. Hafeezah ní ẹ̀wà tí wọ́n ń sè, òkúta inú rẹ̀ pọ̀ ju ata lọ. Hafeezah tọ́jú gààrí sínú ìbọ̀sẹ̀, èèrà sì fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Níbi ọ̀rọ̀ èèrà yìí, Tàwàkálítù rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ọ̀gá ò tíì rí eyín rẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé obìnrin yìí mọ irọ́ pa o, ẹ̀rù sì bà á díẹ̀.

Wọ́n dé kíláàsì. Jamilah kúnlẹ̀ níbi ìjókòó Hafeezah.

"Bàbá Ẹ̀pẹ́, ẹ káàárọ̀ sà."

Bàbá yí etí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tàwàkálítù sáré sọ pé ọ̀fìnkìn ló yí ohùn rẹ̀ padà.

"Ọyẹ́ ni," bàbá wí. "Bí ọyẹ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ó fọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó ṣàdúà fún un pẹ́. Ó ní kó dàgbà, kó gbó, kó sin àwọn tó bí i. Jamilah ń ṣe àmín.

Nígbà tí Tàwàkálítù lọ wá kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé wọn dé ọ̀nà, ọ̀gá gbé ìwé àlejò síwájú bàbá náà, ó ní òun á bá a kọ orúkọ. Bàbá ní rárá, òun á kọ ọ́. Ilé kéwú ló lọ ní kékeré, lẹ́tà Lárúbáwá ló mọ̀ ọ́n kọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà tí ojú ò mọ̀ mọ́. Ó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà títí ojú ewé kan fi kún. Ó pa ìwé náà dé, ó dúpẹ́, ó sì jáde lọ bá ọmọ rẹ̀.

Ọkàn Ìyáàfin Ìbídùnní balẹ̀. Wọ́n ti ṣe é, bàbá ò sì fura. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ parí, ó pe Ààfáà Zikrullah, olùkọ́ Lárúbáwá, kó wá ka orúkọ àlejò náà fún òun. Ààfáà kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó. Ó ní Yorùbá ni bàbá fi lẹ́tà kéwú kọ, ó sì kà á síta:

"Kí Ọlọ́run kẹ́ Hafeezah, kí Ó dá ọmọ tó bá mi jẹ́ orúkọ rẹ̀ sí fún àwọn òbí rẹ̀. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ mi pé láti ọjọ́ kẹta ikú Hafeezah ni mo ti mọ̀, torí ìgbà tó bá ń parọ́ fún mi nìkan ni ẹnu rẹ̀ ń gbà á láti pe orúkọ ọmọ rẹ̀."