Àwòrán Òkun ní Ilé Ajẹ́lẹ̀

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwòrán ńlá kan kọ́ sára ògiri ilé tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń dé sí ní Ìwó, ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ẹfúnróyè tó ń gbá ibẹ̀. Omi lọ salalu títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀run, ilẹ̀ kan dá wà láàárín rẹ̀, ọkọ̀ méjì ń lọ síbẹ̀. Ògbufọ̀ ní òkun ni, ẹni tó yà á sì ti kú kí wọ́n tó bí baba-ńlá ajẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Ẹfúnróyè mọ̀ tó ti fojú rí òkun: Oyèdèjì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó sáré lọ pè é.

Nígbà ogun, Oyèdèjì gbé Dúró, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì tí Ẹfúnróyè bí, lọ sóko; òun nìkan ni àbíkú fi sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Oyèdèjì nìkan ló padà. Ó ní àwọn akónilẹ́rú ló kó àwọn méjèèjì, etí òkun ni òun ti já mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti gbé ọmọ wọkọ̀. Ó ti lé lógójì ọdún. Láti ìgbà náà, ẹran tó bá tóbi jù nínú ọbẹ̀ Ẹfúnróyè, ti Oyèdèjì ni.

Oyèdèjì wo àwòrán náà títí.

"Odò wo nìyí?"

"Òkun ni, Baba," ni ògbufọ̀ wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ibẹ̀ náà ni."

Ẹfúnróyè kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Baba, níbo lọmọ mi jókòó sí? Wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Temi nù."

Oyèdèjì fìka kan ọkọ̀ kékeré. "Ibí yìí. Kò sunkún."

"Dúró! Dúró o! Ìyá rẹ nìyí o!"

Ògbufọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àràárọ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ kó tó gbálẹ̀. Oyèdèjì ò jẹun dáadáa mọ́. Àwọn ará ilé ní, "Ẹ fi Baba sílẹ̀ o, ojú wọn ti rí màbo."

Nígbà tó yá, Ẹfúnróyè di ẹrù. Ó fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ létí òkun gan-an kó tó kú.

"Ẹ bá mi lọ, Baba."

"Ẹsẹ̀ mi ò gbé e mọ́."

"Ẹ ṣé náà. Bí kì í bá ṣe tiyín, n ò bá má mọ ọ̀nà tó gbà."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin gbé Ẹfúnróyè lọ sétí òkun, Oyèdèjì fẹsẹ̀ rìn dé Olúpọ̀nnà, ó jókòó sójú ọ̀nà agbo ilé ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ ta Dúró fún, ó sì ń wo Dúró bó ṣe ń wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀.